Igbó tí Ọdẹ́rìnlọ Yàn

Ẹ̀yin tí òjò lé wá sábẹ́ òrùlé mi, ẹ kú ewu òjò. Ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tí aṣọ rẹ̀ tutù jókòó ti iná, kí ẹni tó bá ń wúkọ́ wú u tán báyìí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu láti àárọ̀ pé kí Ògúnṣínà sọ ìtàn ìrìn-àjò fún yín. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni ọdẹ tí ẹfọ̀n ń rí tí í díbọ́n pé màlúù lòun. Mo ti sùn nínú ihò igi kan náà pẹ̀lú iwin rí, a sì jọ jà nítorí ẹni tí yóò sùn sí ọ̀dọ̀ ògiri. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ìtàn Àwẹ̀ró ni, ìyàwó Ọdẹ́rìnlọ, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ iṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ bàbá kan náà. Ẹnu Àwẹ̀ró ni mo ti gbọ́ ọ, bó ṣe rí lójú rẹ̀ ni n ó sì ṣe sọ ọ́. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, òjò ń rọ̀ níta, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún un.

Ọba ìlú kan létí òkun ní ọkọ̀ ojú omi kan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lè ṣe ìgbéyàwó kí àwọn tó wà lẹ́yìn má gbọ́. Ọkọ̀ náà kì í kó epo, kì í kó ẹ̀kùrọ́. Ènìyàn ló ń kó kiri láti èbúté dé èbúté, kí wọ́n máa jẹ, kí wọ́n máa mu, kí wọ́n máa na ìka sí ohun tí wọn kò rí rí. Afẹ́ lásán ni. Nígbà tí Ọdẹ́rìnlọ pa àmọ̀tẹ́kùn kan tó ń gbé ọmọ jẹ ní ìlú ọba yìí, ọba béèrè ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìyàwó òun ti ń sọ láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ ẹ pé ó wu òun kí òun rí òkun. Ọba ní kí tọkọtaya wọ ọkọ̀ náà. Irú ọkùnrin tó jẹ́ nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ọkọ̀ rìn títí, ó gúnlẹ̀ sí èbúté kan tí wọ́n ń pè ní Yàn-fúnra-rẹ. Igbó dúdú ló wà lẹ́yìn èbúté náà, ó lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ kó gbogbo èrò jọ, ó ní kí oníkálukú yan igbó tó bá wù ú láti lọ ṣe fàájì nínú rẹ̀. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún, kí wọ́n padà kíá, nítorí ọkọ̀ òun kì í dúró de ẹnì kan, ìyá ọba ìbáà ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀.

Àwọn afinimọ̀nà mẹ́ta ló dúró létí omi. Àkọ́kọ́ jẹ́ obìnrin kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní nínú Igbó Ìtura tòun, ẹyẹ ń kọrin, èso ń já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni, àga ni wọ́n fi ń gbé àlejò wọlé, àga náà ni wọ́n sì fi ń gbé e jáde, ẹrẹ̀ kì í kan ẹsẹ̀. Èkejì jẹ́ bàbá arúgbó kan tí irun rẹ̀ tutù. Ó ní ìsun omi gbígbóná kan wà nínú igbó tòun, ẹni tó bá wẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn tó ń ro ó yóò dẹ̀, oorun ọmọdé ni yóò sì máa sùn. Ẹ̀kẹta kò polówó ohunkóhun. Ó kọ ẹ̀yìn sí èrò, ó ń fi egungun tayín, ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ìpàkọ́, èyí ló fi ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè igbó tirẹ̀, ó ní igbó òun ń pani, àwọn tó wọ ibẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó jáde lọ, kí wọ́n má bá òun lọ.

Lójú ẹsẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti yan ìsun omi. Ẹ̀yìn ti ń ro ó láti ọjọ́ tó ti ń ru igi ìdáná àti ẹran ìgbẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń pa, inú rẹ̀ sì ti ń dùn bí ẹni tó ti wà nínú omi náà. Ọdẹ́rìnlọ gbà fún un. Àwọn méjèèjì ti ń tẹ̀lé bàbá onírun tútù lọ kí Ṣówándé tó la ẹnu.

Ṣówándé yìí, oníṣòwò aṣọ ni, ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣáájú ikùn. Ó ké sí àwọn èrò yòókù pé kí wọ́n wá wo ọdẹ tó pa àmọ̀tẹ́kùn, tó ń bá àwọn ìyá arúgbó lọ wẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará mi, ẹ bú ìyá ọdẹ, ó lè fara dà á. Ẹ gba aṣọ ọrùn rẹ̀, ó lè dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé igbó kan wà tó ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ ti rán an lọ síbẹ̀ nìyẹn. Àìsàn wa ni, èmi náà ní in, n kò sì tíì rí ewé tó ń wò ó. Ọdẹ́rìnlọ yí padà, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó forí lé ọ̀dọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́.

Àwẹ̀ró di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Bàbá Mofẹ́," ó ní, "ẹni tó ni igbó ló ní ká má bá òun lọ."

"Mo gbọ́," ni Ọdẹ́rìnlọ wí. "Bí mo bá yà kúrò, ojú wo ni n ó fi wo àwọn ọdẹ nílé?"

Inú bí Àwẹ̀ró, ẹ̀rù sì bà á. Ọkọ̀ kò jìnnà, ó lè padà sínú rẹ̀ kó máa jẹun, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò wá sọ fún òun bí ọkọ òun ṣe kú. Ó tẹ̀lé e. Àwọn èrò wá kọjú sí Ṣówándé, wọ́n ní ẹni tó rán ọdẹ níṣẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó sílé, kí òun náà máa lọ. Ìtìjú mú un, ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú òógùn lójú.

Kò pẹ́ tí wọ́n wọ igbó náà tí afinimọ̀nà wọn di èéfín. Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, àwọn igi ti rìn pàdé ara wọn, ọ̀nà ti dí. Iwájú nìkan ló kù fún wọn láti lọ, níwájú náà ni wọ́n sì ti pàdé Alátòrì.

Iwin yìí ga ju ọ̀pẹ lọ. Ọwọ́ hù yí gbogbo ara rẹ̀ ká, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan di pàṣán àtòrì mú, ẹ̀jẹ̀ àwọn àlejò àná ṣì ń kán lẹ́nu àwọn pàṣán náà. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í kọjá láìjá àlọ́ òun. Àlọ́ náà ni pé, ẹrù wo ni a gbé wá láti ọ̀run tí a kì í sọ̀ títí a fi ń kú?

Ọ̀rọ̀ tí Ṣówándé mọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ọjà rẹ̀ lọ. Ó ní aṣọ ni, pé wọ́n ń fi aṣọ wé ọmọ tuntun, wọ́n sì ń fi aṣọ wé òkú. Alátòrì ní aṣọ kì í ti ọ̀run wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Pàṣán àkọ́kọ́ gba agbádá rẹ̀ lọ, èyí tó tẹ̀lé e gba awọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣówándé ké títí ohùn rẹ̀ fi tán, ó bẹ̀bẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀, àwọn pàṣán náà kò dẹwọ́. Àwẹ̀ró rí egungun ìhà rẹ̀ tó funfun láàárín ẹ̀jẹ̀. Títí di òní olónìí, bó bá gbọ́ tí wọ́n ń na ẹní kí eruku rẹ̀ lè jáde, inú yàrá ló ń sá wọ̀.

Ọdẹ́rìnlọ yìnbọn. Ọta náà fọ́ ojú iwin náà kan, ṣùgbọ́n kó tó ki òmíràn, pàṣán ti gba ìbọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa àdá yọ, ó wọ inú iwin náà lọ, ó ń rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ tó bá bọ́ sílẹ̀ kì í kú. Ńṣe ló ń fò dìde fúnra rẹ̀, tó ń na Ọdẹ́rìnlọ lẹ́sẹ̀, tó ń nà án lójú, títí ẹ̀jẹ̀ fi dí i lójú tó ń ṣá afẹ́fẹ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi Ògúnṣínà ti gé ọwọ́ iwin rí, ṣùgbọ́n èmi a máa fi okùn dì í pọ̀ kí n tó gé e. Ọdẹ́rìnlọ kò mú okùn dání.

Ọwọ́ kan wé mọ́ Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀, ó fà á lulẹ̀, ó ń wọ́ ọ lọ sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ iwin náà. Ẹnu rẹ̀ kún fún erùpẹ̀. Nínú ìrora yẹn ló ti ń ro gbogbo ẹrù tó ti rù rí láyé rẹ̀: igi, omi, iṣu, ẹran, ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ló ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tí kò sọ̀ rí ni èyí tó ń gbé wọn lé. Ó tu erùpẹ̀ dànù, ó ní, "Orí ni."

Gbogbo pàṣán dúró lójú kan. Alátòrì ní láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ sórí ilẹ̀ lòun ti ń pa àlọ́ yìí, ẹni tó bá sì já a ló ni ẹ̀mí òun. Ó wó lulẹ̀, ilẹ̀ mì. Ọdẹ́rìnlọ kò dúró kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fi àdá ya orí rẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó gbé orí náà kọ́ ẹ̀yìn, ó mú ìbọn rẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọdẹ kì í pa ẹran kó fi í sílẹ̀ fún igún. Ṣówándé ti kú. Wọ́n fi ewé bò ó. Àwẹ̀ró sunkún fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló kó wọn débẹ̀, nítorí kò mọ ẹni tó burú tó kí ó kú irú ikú bẹ́ẹ̀.

Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Odò kan tún dí wọn lọ́nà. Omi rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ó mọ́, èèyàn sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n kì í ṣe iyanrìn ló wà níbẹ̀, eyín ni. Ọdẹ́rìnlọ ju igi kan sínú rẹ̀, eyín sì rún igi náà di lẹ́búlẹ́bú. Ó pọn ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn. Ó fi gbogbo agbára sọ orí Alátòrì sí òkè odò, gbogbo eyín sáré lọ bá a, wọ́n ń rún un, ariwo rẹ̀ sì ń dun Àwẹ̀ró nínú eyín tirẹ̀. Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n gúnlẹ̀ nígbà tí orí náà tán. Àwọn eyín padà, wọ́n já iṣan ẹsẹ̀ Ọdẹ́rìnlọ jẹ dé egungun. Kò ké, nítorí obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí èémí rẹ̀ ṣe yí padà ni Àwẹ̀ró fi mọ̀.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó ya gèlè rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà. Ọdẹ́rìnlọ wo ẹsẹ̀ títí, ó wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìsun omi gbígbóná yẹn ni ìbá dára. Èsì tó wà lẹ́nu Àwẹ̀ró gbóná ju omi náà lọ, ṣùgbọ́n ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Ìkọjá odò yìí ni ìlú Agbẹ́rùkarí. Àwọn ará ìlú náà ń rìn lọ, wọ́n ń rìn bọ̀, oníkálukú ru igbá ńlá tó kún fún òkúta àti egungun. Ọrùn wọn ti wọ àárín èjìká lọ, ẹsẹ̀ wọn ti jẹ dé ojúgun, nítorí igbá kì í jẹ́ kí wọ́n dúró. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, igbá rẹ̀ á fa gbòǹgbò tó ti ta sínú agbárí onítọ̀hún yọ, agbárí á sì fọ́. Àwẹ̀ró fẹsẹ̀ gba inú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dé ààfin, kò sì béèrè ẹ̀jẹ̀ ta ni.

Agbẹ́rùkarí ni ọba wọn. Ó ń gbé ẹrù ka orí gbogbo ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ kò ru abẹ́rẹ́ rí, nítorí náà orí rẹ̀ rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ṣùgbọ́n ó mọ àlejò kí. Ó kí wọn kú ìrìn, ó kí wọn kú ewu, ó ní ẹ̀yìn ààfin òun ni ọ̀nà èbúté wà, kí wọ́n jẹun ná kí òun tó ṣí i fún wọn. Wọ́n gbé iyán funfun àti ọbẹ̀ ìgalà wá nínú igbá tuntun kan, wọ́n gbé e síwájú ọkọ, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Àwẹ̀ró jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń dúró.

Ẹ̀yin náà mọ bí ilé wa ṣe rí. Ọkọ ló ń kọ́kọ́ jẹun, ọkọ gidi kì í sì í jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ tí Ọdẹ́rìnlọ ti gbé Àwẹ̀ró wọlé, kò tíì jẹ oúnjẹ kan tán rí. Ẹran tó bá dára jù nínú àwo, ti Àwẹ̀ró ni. Ọ̀nà tó gbà ń sọ ìfẹ́ nìyẹn, nítorí ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú bí ebi ti ń pa á tó, ìwọ̀nba ló jẹ. Ó ti igbá náà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú odidi itan ìgalà kan nínú rẹ̀. Àwẹ̀ró jẹ ẹ́, ó gbádùn rẹ̀, ó tilẹ̀ ti fẹ́ máa dárí igbó yìí jì í. Bí ìka rẹ̀ ṣe kan ìdí igbá, igbá fò.

Orí rẹ̀ ló bà lé. Gbòǹgbò ya jáde ní ìdí igbá náà, ó lu irun rẹ̀ já, ó lu awọ já, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ egungun. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn bo ojú rẹ̀. Òkúta kún inú igbá láìsí ẹni tó kó o síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń fẹ́ máa rìn láìjẹ́ pé ó rán an.

"Òfin wa nìyẹn," ni Agbẹ́rùkarí wí. "Ẹni tó bá jẹun kan igbá nídìí ni yóò rù ú. Ẹ̀yin àlejò tó ń ti ilẹ̀ Yorùbá wá kì í yọ wá lẹ́nu rárá. Àwọn ọkọ yín a máa ṣẹ́ oúnjẹ kù."

Ìgbà yẹn ni Àwẹ̀ró tó wo àwọn tó ru igbá náà dáadáa. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, àti ọmọ.

Ọdẹ́rìnlọ bú ramúramù, ó ki ìbọn, ó yìn ín bọ inú ẹnu ọba náà. Agbẹ́rùkarí jẹ ọta náà lẹ́nu, ó gbé e mì. Ọdẹ́rìnlọ gbé àdá, ó la orí rírọ̀ yẹn sí méjì, orí náà sì padé. Ó tún là á, ó tún padé. Agbẹ́rùkarí na ọwọ́, ó di apá òsì ọdẹ mú, ó lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ, ó já a kúrò ní ìgúnpá, ó sì jù ú fún àwọn ajá rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ kò wẹ̀yìn. Apá kan tó kù ló fi gún ọba náà lọ́rùn, lójú, níkùn, ẹ̀jẹ̀ ń tú sí i lẹ́nu, ó sì ń gún un lọ. Lọ́jọ́ wo ni ẹ tún fẹ́ rí ọdẹ? Mo ti bá ẹfọ̀n wọ̀jà, mo ti jẹ erin níyà, n kò jà báyẹn rí.

Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ló ń ké. Gbogbo àdá tó bá wọ ara ọba ló ń mú kí igbá náà rì sí i ní orí rẹ̀. Gbòǹgbò ti dé ẹ̀yìn ojú rẹ̀, ó ń rí ohun gbogbo ní pupa, ó sì ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò nínú ọ̀fun. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró, pé òun ló ń pa. Ọdẹ́rìnlọ wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àdá. Ó jù ú sílẹ̀. Gbogbo agbára tó ní láyé, kò sí èyí tó wúlò mọ́.

Ó jókòó, ó fi eyín ya ẹ̀wù rẹ̀, ó fi di ìgúnpá tó já. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé bí wọ́n bá tún bu oúnjẹ sínú igbá yẹn, tí ẹlòmíràn jẹ ẹ́ kan ìdí, ta ni yóò rù ú? Agbẹ́rùkarí ní òfin òun kò ní ojú méjì, ẹni tó bá kan ìdí kẹ́yìn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń jọba, òun kò tíì rí ọkùnrin ilẹ̀ wọn tó lè fọ igbá mọ́ lójú ìyàwó rẹ̀. Ó pàṣẹ kí wọ́n kó òkúta kúrò, kí wọ́n gún iyán tí yóò tó gbogbo ẹbí jẹ, kí wọ́n dà á sínú igbá tó wà lórí Àwẹ̀ró.

Ọdẹ́rìnlọ ní kí ìyàwó òun kúnlẹ̀. Ó dúró tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láti orí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, àwọn wọ̀bìà ni wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́. Wọn kò rò ó rí pé ìfẹ́ lè mú ènìyàn jẹ àjẹìwẹ̀yìn.

Kò kọ́kọ́ yé Àwẹ̀ró. Ó ń gbọ́ òkèlè tó ń lọ lókè orí rẹ̀, ó ń dúró kí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ dúró níbi tó máa ń dúró sí. Ọwọ́ náà kọjá ibẹ̀. Agbẹ́rùkarí pariwo pé wọ̀bìà ni, àwọn ará ìlú náà gbè é, wọ́n ń pe ọdẹ ní wọ̀bìà lójú ìyàwó rẹ̀. Ikùn Ọdẹ́rìnlọ kún, ó ń bì, ó ń gbé e mì padà, ó ń jẹ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé obìnrin yìí.

"Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi," ó ní. "Bàbá Mofẹ́, ẹ dákun, ẹ ṣẹ́kù fún mi."

Ọdẹ́rìnlọ bu òkèlè mìíràn. Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Àwẹ̀ró na ọwọ́ sókè, ó ń wá òkèlè tó kù nínú igbá, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò kan ìdí kẹ́yìn. Wọ́n du òkèlè náà lórí obìnrin tó kúnlẹ̀. Ọkùnrin tí kò na ìyàwó rẹ̀ rí fi ìkúùkù gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ìka obìnrin náà méjì sì kán. Ó mú òkèlè náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ó gbé e mì. Ó fi ìka nu ìdí igbá, ó sì lá a.

Gbòǹgbò fà yọ kúrò nínú agbárí Àwẹ̀ró, ìrora rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tó lajú, igbá ti wà lórí ọkọ rẹ̀. Eékún Ọdẹ́rìnlọ tẹ̀, ó tún nà. Agbẹ́rùkarí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òfin ni òfin, ó sì ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn ààfin sílẹ̀ fún obìnrin náà. Láti ọ̀nà jíjìn, fèrè ọkọ̀ dún.

Àwẹ̀ró di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó fi gèlè dì yẹn mú. Ó ní òun kò lọ síbì kankan, kí àwọn méjèèjì jọ kú síbẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti ń rìn, ó ń wọ́ ọ tẹ̀lé e nínú erùpẹ̀.

"Èmi ni mo yan igbó yìí, Àwẹ̀ró," ni Ọdẹ́rìnlọ wí. "Ìsun omi ni ìwọ yàn. Mofẹ́ ọmọ wa ń retí rẹ nílé. Tú mi sílẹ̀."

Ó tú u sílẹ̀. Ó sáré, ó ṣubú, ó dìde, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ti bọ́ sáàárín àwọn yòókù, ó ń tiro lọ. Kò bojú wẹ̀yìn, nítorí ẹni tó ru igbá yẹn kì í lè yí ọrùn.

Ní èbúté, àwọn tó lọ sí Igbó Ìtura ti dé pẹ̀lú èso nínú aṣọ wọn, àwọn tó lọ sí ìsun omi ti dé pẹ̀lú irun tútù, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn ní ti igbó tó dùn jù. Nígbà tí wọ́n rí Àwẹ̀ró, wọ́n pa iyàn náà tì, wọ́n yà fún un lọ́nà. Ọ̀gá ọkọ̀ bi í léèrè Ṣówándé. Àwẹ̀ró ní ó ti kú. Ọ̀gá ọkọ̀ wá bi í léèrè ọkọ rẹ̀.

"Ó ń bá mi ru ẹrù mi," ni Àwẹ̀ró wí. Ó wọ inú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ṣí.

Ibi tí Àwẹ̀ró sọ ọ́ dé nìyí, ibẹ̀ lèmi náà fi í sí. Ẹ máa lọ sílé yín. Bí ẹ bá gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, yóò pè yín wọlé, yóò gbé oúnjẹ fún yín, nítorí ọ̀làwọ́ ni. Yóò dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, yóò máa wo ọwọ́ yín. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má ṣe ìwà ọmọlúàbí kankan níbẹ̀, ẹ má ṣẹ́kù fún un. Ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ sì jẹ́ kó rí i pé ẹ jẹ ẹ́ tán.